Láàpútọ́ọ̀pù ni àbí dẹ́sítọ́ọ̀pù? Ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìkòròdú, owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà

Ará Òdogunyàn:

Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí yunifásítì LASUSTECH níbí ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju títẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títẹ ìwé jáde, fọ́ọ̀mù JAMB àti fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ìwé ètò ìsìnkú, àti káàdì ìgbéyàwó tí mo máa ń fi CorelDRAW ṣe. Owó ọwọ́ mi ò ju ti ẹ̀rọ kan lọ, tòkunbọ̀ sì ni. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní láàpútọ́ọ̀pù ni kí n rà. Wọ́n ní ta ló tún ń ra dẹ́sítọ́ọ̀pù láyé ìsinsìnyí, iná dà tó máa gbé e? Inverter kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, bátìrì olómi 12V 100Ah kan ló so mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ má kàn dárúkọ ẹ̀rọ fún mi o, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ẹ̀rọ tó máa jókòó sójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí lẹ fẹ́ sanwó bátìrì àti owó fífúyẹ́ fún?

Ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà yín, dẹ́sítọ́ọ̀pù ìgbà kan ló ṣì wà lójú wọn, àpótí gogoro tòun ti mónítọ̀ abuké. Mónítọ̀ abuké yẹn nìkan máa ń jẹ tó 70W sí 100W. Dẹ́sítọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí àwọn ọ́fíìsì ń lò báyìí, irú Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tí wọ́n ń pè ní SFF, nǹkan bí 25W sí 40W ló ń jẹ bí èèyàn bá ń tẹ̀wé tàbí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mónítọ̀ LED ínṣì 20 ń jẹ nǹkan bí 20W. Ẹ pe gbogbo rẹ̀ ní 55W. Láàpútọ́ọ̀pù tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń jẹ 15W sí 20W.

Ẹ wá ṣírò bátìrì yín. 12V lọ́nà 100Ah jẹ́ 1,200Wh (1Wh ni iná tí ohun tó ń jẹ 1W máa lò ní wákàtí kan). Bátìrì olómi kì í pẹ́ tí wọ́n bá ń fà á kọjá ìdajì, torí náà 600Wh ló wà fún lílò. Inverter fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí 15W kẹ́ ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, ó sì tún ń fi bí ìdá mẹ́wàá ṣòfò níbi tó ti ń yí iná padà. Bẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, dẹ́sítọ́ọ̀pù àti mónítọ̀ á lo wákàtí 7 ó lé díẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù á lo nǹkan bíi 15. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí láago 8 àárọ̀ tó ń tì láago 6 ìrọ̀lẹ́, bí NEPA bá fi iná sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta péré láàárín rẹ̀, iṣẹ́ ò dúró.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́:

Ìṣirò yín dára bí bátìrì bá ṣì tuntun, tí kò sì sí fáànù lórí inverter kan náà. Fáànù onídùúró ń jẹ 50W sí 60W. Ẹ fi kún 55W yẹn kẹ́ ẹ rí i: wákàtí 7 ti di 4. Oníbàárà wo ló máa jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lóṣù kẹta láìsí fáànù? Bátìrì tó sì ti lo ọdún mẹ́ta, 100Ah tí wọ́n kọ sí i lára kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ gan-an kì í tiẹ̀ ṣe wákàtí. Ìṣẹ́jú àáyá tí iná lọ ni. Wọ́n á mú un lọ, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún mú un lọ, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Dẹ́sítọ́ọ̀pù á kú, á jí, á kú. Ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 16 tí ẹ kò tíì tọ́jú ti lọ nìyẹn, ìsìnkú sì ni lọ́la. Láàpútọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé iná lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin tàn yín. Lóòótọ́ agbègbè Ìkòròdú níbí ló wà, 1,320MW ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè. Ṣùgbọ́n inú wáyà ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè niná rẹ̀ ń wọ̀ kó tó padà wá sí òpó àdúgbò. Pé ó wà nítòsí ò dá iná dúró fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Mo gbà lórí fáànù. Ẹ wá fáànù DC tó ń lo 12V, bí 15W sí 25W ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lórí kíkú àti jíjí, ẹ wo iwájú tàbí ẹ̀yìn inverter náà. Ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì kan tàbí ibì kan nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n kọ UPS sí lápá kan, tí wọ́n sì kọ Wide, Eco tàbí Appliance sí lápá kejì. Bó bá wà lórí Wide, ó máa ń pẹ́ kó tó yí sórí bátìrì, ó sì tún máa ń gba iná tó ti rẹlẹ̀ jù wọlé. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ò lè fara da àlàfo yẹn. Ẹ yí i sí UPS, àlàfo náà á dín sí nǹkan bíi 10ms (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá), èyí tí páwà dẹ́sítọ́ọ̀pù tó dáa, ìyẹn àpótí tó ń gba iná sínú ẹ̀rọ, lè gbà mọ́ra. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ bú dẹ́sítọ́ọ̀pù nìyí, ìka kan ló sì ń tún un ṣe.

Ẹ̀kejì, inverter olówó pọ́ọ́kú kan wà tí iná rẹ̀ kì í yí bíríkítí bíi ti NEPA, wọ́n ń pè é ní modified sine wave. Páwà dẹ́sítọ́ọ̀pù ìgbàlódé tó ní active PFC (ohun tó ń ṣàtúnṣe bí páwà ṣe ń fa iná) máa ń kọ̀ ọ́ nígbà mìíràn. Á pa, tàbí kó máa kùn. Bí tiyín bá jẹ́ pure sine wave, kò síyọnu.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń bẹ̀rù, UPS 650VA kan wà, àpótí bátìrì kékeré tó ń gbé ẹ̀rọ bí iná bá lọ. Bátìrì 12V 7Ah ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn 84Wh. Fún 55W, bó bá tuntun, á gbé yín fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 2 sí 3 lọ, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Options, Save. Ìṣẹ́jú 10 ló máa ń wà níbi AutoRecover, ibi tí Word ti ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 1. Ìyẹn ò gba owó kankan.

* * *

Àǹtí Ìgbógbó:

Kẹ́ ẹ tó débi ẹ̀rọ: ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ yọ JAMB kúrò nínú ohun tí ẹ̀ ń retí owó lórí rẹ̀. Ibùdó CBT (ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ló lè forúkọ UTME sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù lásán ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì lè kó bá yín. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni títẹ ìwé ìgbaniwọlé jáde àti èsì àyẹ̀wò. Ẹ fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ètò ṣe olú iṣẹ́.

Lórí ìyẹn, mónítọ̀ ńlá ló yẹ yín. Ìwé ètò máa ń ní ojú ewé méjì tó dojú kọra, orin, orúkọ àwọn ọmọ àti àna. Lórí láàpútọ́ọ̀pù ínṣì 14, ẹ ó máa sún un síwá sẹ́yìn, àmì orí ọ̀rọ̀ á máa fò yín. Oníbàárà pàápàá fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó máa kà á kó tó sanwó. Kíbọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ lẹ̀ ń tẹ̀wé, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kíbọ́ọ̀dù USB, ẹ ó rà á ní Sábó lọ́jọ́ náà. Ti láàpútọ́ọ̀pù, ẹ ó wá èyí tó bá a mu gan-an, wọ́n á tú gbogbo inú rẹ̀ lórí àwọn irú kan kí wọ́n tó rí i yọ.

* * *

Ará Ẹ̀pẹ́:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé méjì ló wà. Ẹ̀kẹta wà: Dell OptiPlex Micro, HP EliteDesk Mini, Lenovo ThinkCentre Tiny. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni wọ́n, ṣùgbọ́n nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 ni ìbú wọn àti òró wọn, wọ́n sì nípọn tó 3.5 péré. Ẹ lè de é mọ́ ẹ̀yìn mónítọ̀. Ṣájà bíi ti láàpútọ́ọ̀pù ni wọ́n ń lò, 65W tàbí 90W. RAM wọn (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) náà jẹ́ ti láàpútọ́ọ̀pù, SODIMM. Prósẹ́sọ̀ wọn, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, sábà máa ń ní lẹ́tà T lẹ́yìn: i5-8500T, core 6 (ìpín mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ náà), 35W. Bí èèyàn bá ń tẹ̀wé lórí rẹ̀, 10W sí 20W ló ń jẹ. Ẹ fi mónítọ̀ kún un, 35W. Lórí bátìrì tí wọ́n ń jà lé lókè yẹn, nǹkan bíi wákàtí 10 nìyẹn.

Iná bíi ti láàpútọ́ọ̀pù, mónítọ̀ ńlá, kíbọ́ọ̀dù tó ṣe é pààrọ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù yẹn, n ò rí ohun tó dára jù ú lọ.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́:

Ó dáa, ó kéré, olè náà á sì rí i gbé sápò. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ Kensington bọ̀. Ẹ ra wáyà rẹ̀, ẹ so ó mọ́ irin tábìlì.

Kò sí àyè káàdì àwòrán ńlá nínú rẹ̀ o. Bí iṣẹ́ bá gbèrú dé fídíò, ibẹ̀ lẹ máa há sí. SFF ṣì lè gba káàdì kúkúrú tí kò nílò wáyà iná ọ̀tọ̀, irú GT 1030 tó ń jẹ 30W.

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Mo fara mọ́ Ará Ẹ̀pẹ́, mo sì fẹ́ fi ìdí kan tó lágbára kún un, èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ fún yín: i5 inú láàpútọ́ọ̀pù àti i5 inú dẹ́sítọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹgbẹ́.

i5-7200U ti láàpútọ́ọ̀pù, core 2 ló ní. i5-7500 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, 7th gen (ìran keje prósẹ́sọ̀ Intel) kan náà, core 4. Ní 8th gen, i5-8250U ní 4, i5-8500 ní 6. Lẹ́tà U yẹn túmọ̀ sí pé 15W ni wọ́n ṣe é fún. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ní lẹ́tà lẹ́yìn, 65W ni. Lójú títẹ̀wé lásán, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ tí CorelDRAW bá wà ní ṣíṣí, tí Chrome ní ojú ìwé 15, tí PDF olójú ewé 60 sì ń lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ó rí i. Láàpútọ́ọ̀pù tó tinrin á gbóná, á sì dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tó ra láàpútọ́ọ̀pù 7th gen sábà máa ń ra dẹ́sítọ́ọ̀pù 8th gen pẹ̀lú mónítọ̀.

8th gen yẹn ṣe pàtàkì. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ), RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB, àti, ní ti Intel, 8th gen lọ sókè yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn kan ń lo ètò kan tó ń jẹ́ Rufus láti fi gbé e sórí ẹ̀rọ tó dàgbà jù. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí pé àtúnṣe ààbò á máa dé síbẹ̀, ẹ̀yin sì ni NIN àti ìwé ìfowópamọ́ àwọn èèyàn máa wà lórí ẹ̀rọ yín.

Láàpútọ́ọ̀pù EliteBook 840 G3 jẹ́ 6th gen, G4 jẹ́ 7th. OptiPlex 7050 àti EliteDesk 800 G3 wà láàárín 6th àti 7th. OptiPlex 7060 àti EliteDesk 800 G4 jẹ́ 8th. Ẹ ṣọ́ra fún EliteBook 840 G5: wọ́n ṣe àwọn kan lára wọn pẹ̀lú 7th gen. Ẹ má ka ìdérí, ẹ ka nọ́ḿbà prósẹ́sọ̀. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì lẹ́yìn i5 ló ń sọ gen: i5-8500 jẹ́ 8th.

* * *

Ará Òdogunyàn:

Ẹ ṣeun. Àwọn ará ilé ní bí mo bá ra láàpútọ́ọ̀pù ńkọ́, kí n wá so mónítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí n sì máa gbé e lọ sílé lálẹ́? Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́:

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ẹ so mónítọ̀ ínṣì 20 mọ́ ọn, iná lọ, mónítọ̀ nìkan ló kú, iṣẹ́ ò sọnù. Lálẹ́, ẹ gbé e sí báàgì, ṣọ́ọ̀bù ò ní ohun tí olè ń wá.

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Ó ṣeé ṣe, ó sì ní ohun tó ń gbà.

Bátìrì tó bá wà lórí iná ní 100% láàárọ̀ dalẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbóná, á wú. Ẹ ó rí i tí páàdì tí ìka ń tọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè, tàbí tí ìdí ẹ̀rọ ò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́. Bátìrì wíwú kì í ṣe ohun àá fọwọ́ tẹ̀ padà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì tún fi iná sí i. Kó má bàa débẹ̀, ẹ dí i lọ́wọ́ láti kún. Lórí ThinkPad, ẹ lọ sínú Lenovo Vantage, ẹ ní kó dúró ní 80%. Lórí Dell Latitude, ẹ wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣí kí Windows tó dé), ẹ mú Primarily AC Use. Lórí HP EliteBook, Battery Health Manager ló wà nínú BIOS, ẹ mú Maximize my battery health. Bó bá dúró ní 80%, bátìrì tòkunbọ̀ 50Wh tó ti dín sí 35Wh á wá ku 28Wh fún yín. Nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn fún títẹ̀wé, kò lè pé méjì.

Gbígbé e lọ gbé e bọ̀ náà ní tirẹ̀: ojú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ tí ìdérí fi ń ṣí, àti ẹnu ibi tí ṣájà ń wọ̀. Mẹ́ta yìí ló ń kú jù lára láàpútọ́ọ̀pù, gbígbé ló sì ń pa wọ́n. Nínú kéké àti nínú BRT tó kún, ojú ẹ̀rọ ń fọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́. Láàpútọ́ọ̀pù tòótọ́ wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń rìn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé e lọ sí kíláàsì, ẹni tó ń gba ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Erékùṣù láràárọ̀, ẹni tí wọ́n ń pè láti wá ṣe àfihàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ ẹ bá wà nínú wọn, n ò bá yín jà. Ẹ ò sọ pé ẹ wà nínú wọn.

* * *

Ará Òdogunyàn:

Rárá, n ò sí nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù nìkan ni.

* * *

Ará Àgbádárìgì:

Àwa tá a wà létí òkun ní ọ̀rọ̀ tiwa, ó sì kan ẹni tó wà létí ọ̀sà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ díẹ̀. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ idẹ inú ẹ̀rọ. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni pé ẹ̀rọ ò tàn mọ́, tàbí ó ń dún píí, píí, láìsí ohunkóhun lójú mónítọ̀. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Púpọ̀ ìgbà, RAM ló ti dọ̀tí níbi tó fi ń kan ara ẹ̀rọ. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí iná tó kù inú rẹ̀ lè tán, ẹ yọ RAM, ẹ fi ìrésà funfun nu etí rẹ̀ tó pọ́n bíi wúrà, ẹ gbọn ìdọ̀tí ìrésà náà dànù, ẹ dá a padà títí á fi dún kẹ̀kẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù SFF, ìdérí kan lẹ ó fà, ó ti ṣí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Láàpútọ́ọ̀pù, bí síkúrù 8 sí 10, lẹ́yìn náà ẹ ó fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí etí rẹ̀ yíká kó má bàa kán.

Eruku ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ fẹ́ inú rẹ̀, ẹ fìka di fáànù mú kó má bàa yí sódì. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì gbé e síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé. Òróró inú èéfín náà ń lẹ̀ mọ́ eruku, ó sì ń di amọ̀ dúdú tí fáànù kì í lè fẹ́ dànù.

* * *

Àǹtí Ìgbógbó:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser kò gbọ́dọ̀ wà lórí UPS 650VA, kò sì gbọ́dọ̀ wà lórí inverter kékeré. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná láti yan táńẹ́rì (íńkì ẹlẹ́búlẹ́bú rẹ̀) mọ́ ìwé. Bó bá ń gbóná bọ̀, ó lè fa 800W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójijì, tí UPS á ké tí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á kú, dẹ́sítọ́ọ̀pù náà á bá a lọ. Àwọn èèyàn á wá ní dẹ́sítọ́ọ̀pù ò dáa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítáńkì íńkì kì í jẹ tó 20W bó bá ń tẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi sórí inverter. Fọ́tòkọ́pì ńlá, NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ nìkan.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń da epo àti ọ́ìlì pọ̀ fún, 650VA, ìyẹn náà ń gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó yí iná sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí iná padà kí epo tó tán. Àsìkò tí epo ń tán ni iná rẹ̀ ń ga tó ń rẹlẹ̀ jù.

* * *

Ará Òdogunyàn:

Ọ̀rọ̀ Mini yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn. Bí mo bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, kí ni mo máa wò kí wọ́n má bàa tà mí ní òkú ẹ̀rọ?

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Ẹ má sanwó lójú títì. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní iná, kí wọ́n so ó mọ́ mónítọ̀ lójú yín. Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù tiyín dání, àti fíláàṣì tí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ ìlera dísíìkì, wà lórí rẹ̀.

Bó bá ti ń tàn, ẹ wọ BIOS: F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo. Bó bá béèrè password, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, ohun yòówù kí olùtajà sọ. Bó bá wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Absolute tàbí Computrace sí, ètò tí ilé iṣẹ́ fi ń tọpa ẹ̀rọ wọn. Tí wọ́n bá ti tì í pa síbi Permanently Enabled tàbí Activated, ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ṣì lè ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ń dun wọ́n jù. Ẹ ní kí wọ́n tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹ fi fóònù yín ṣe hotspot. Bí ó bá gbé orúkọ ilé iṣẹ́ kan jáde tó sì ń béèrè ímeèlì iṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn olùtajà kan á tò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ má bàa rí i. Bẹ́ ẹ bá dé Ìkòròdú tẹ́ ẹ tún un tò, ó kú nìyẹn.

Ẹ ṣí CrystalDiskInfo. SSD (dísíìkì ìgbàlódé tó yá) tí ìlera rẹ̀ ti wà lábẹ́ 80%, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ HDD (dísíìkì àtijọ́ tó ń yí) ló wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó, kẹ́ ẹ fi SSD 256GB sí i. Kò sí owó mìíràn tẹ́ ẹ lè ná tó máa mú ẹ̀rọ yá tó bẹ́ẹ̀. RAM 8GB tó fún títẹ̀wé. Fún CorelDRAW pẹ̀lú Chrome, ẹ ṣe é ní 16GB, kó jẹ́ 8 méjì, kó má jẹ́ 16 kan.

Ẹ ṣí ìdérí. Ẹ gbọ́ fáànù. Ẹ ki fíláàṣì sí gbogbo ojú USB níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ṣájà náà: watt rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí èyí tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ. Dell máa ń dá ṣájà tirẹ̀ mọ̀. Bó bá jẹ́ ayédèrú, á kọ ọ́ síwájú yín nígbà tó bá ń tàn, á sì dín eré rẹ̀ kù. Ẹ yọ wáyà iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá a padà. Bí aago bá ti padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ti tán, ohun kékeré ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí nọ́ḿbà ẹ̀rọ wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà.

Ẹni tó bá ń ra láàpútọ́ọ̀pù, kó fi èyí kún un: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Bó bá ti wà lábẹ́ 60%, ẹ ka owó bátìrì tuntun mọ́ owó ẹ̀rọ.

* * *

Ará Ẹ̀pẹ́:

Ẹ bi wọ́n nípa WiFi kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mini ni kò ní káàdì rẹ̀ nínú. WiFi oní-USB kan á ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì ṣí USB tethering. Kámẹ́rà àti gbohùngbohùn náà ò sí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ibi tí wáyà mónítọ̀ ń wọ̀ tún wà níbẹ̀. DisplayPort ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ yìí, mónítọ̀ tòkunbọ̀ sì lè jẹ́ VGA nìkan. Ẹ ra èyí tó ń yí DisplayPort sí VGA, èyí tó kéré ṣùgbọ́n tó ní ẹ̀rọ nínú. Wáyà lásán ò lè yí i. Kẹ́ ẹ dán mónítọ̀ náà wò pẹ̀lú ojú funfun gbàràgàdà àti ojú dúdú, kẹ́ ẹ lè rí àbàwọ́n àti tóótòòtó tó ti kú.

* * *

Ará Òdogunyàn:

Mini 8th gen ni mo máa wá, RAM 16GB, SSD 256GB, mónítọ̀ ínṣì 20, fáànù DC, mo sì máa yí inverter sí UPS. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àpótí gogoro kan lọ̀ mí ní Àgíríìkì, ó ní láti Amẹ́ríkà ló ti wá, 8th gen náà ni, owó rẹ̀ sì dín gan-an. Ṣé kí n yà wò ó?

* * *

Ẹlẹ́rọ Sábó:

Ẹ yà wò ó, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ki wáyà rẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Bí bọ́tìnnì pupa kékeré kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 sí lójú, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n yí i sí. Tiwa 230V ni. Bẹ́ ẹ bá tan án bẹ́ẹ̀, páwà á bú gbàù lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gbé bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ fi ṣóńṣó síkúrúdíráífà sún un sí 230, kí wáyà má sí lára rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń sún un. Bí kò bá sí bọ́tìnnì, ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páwà náà. Bó bá kọ 100-240V, kò séwu. Bó bá kọ 115V nìkan, páwà mìíràn lẹ ó rà. Ti àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì Dell àti HP sì sábà ní ẹnu tirẹ̀ tí páwà tí wọ́n ń tà kiri ò lè wọ̀. Ẹ ní kí ó ka iye ìyẹn kúrò nínú owó kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú.